Ohun Tó Wà Nínú Tábìlì Ìkọ̀wé Bàbá Àgbà

Ní oṣù kìíní ọdún 1892, àwọn aṣojú Awujalẹ̀ Túnwáṣe wà ní Èkó níwájú Gómìnà Carter. Ìwé àdéhùn tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wọn ní kí Ìjẹ̀bú ṣí ọ̀nà tó gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbà á, kí wọ́n sì dẹ́kun owó ibodè. Ìjọba Èkó yóò máa fún Awujalẹ̀ ní £500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Àwọn aṣojú náà gbọ́, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti fi ọwọ́ ara wọn sí ìwé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú méjì tó ń gbé Èkó, tí wọ́n ti kàwé, ló bá wọn fọwọ́ sí i. Kò pé oṣù mẹ́rin sígbà náà tí ìbọn fi dún láàárín Ìjẹ̀bú àti Gẹ̀ẹ́sì ní Ìmágbọn. Ní 19 oṣù karùn-ún ni wọ́n ja ìjà àjàmọ̀gá níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Àdéhùn yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá rí tábìlì ìkọ̀wé àtijọ́ nínú ilé kan ní Ìjẹ̀bú. Àwọn tí bàbá wọn kọ̀ láti fọwọ́ kan gègé ni wọ́n ń ránṣẹ́ pe káfíńtà láàárín ìran kan ṣoṣo, pé kó bá àwọn kan tábìlì tí àwọn yóò máa kọ̀wé lórí rẹ̀, èyí tó ní dúrọ́ọ̀wà, tó sì ṣe é tì ní kọ́kọ́rọ́. Àga ọba, ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ àti ìlù àgbá ti wà ní Ìjẹ̀bú ṣáájú Gẹ̀ẹ́sì. Tábìlì ìkọ̀wé kò sí níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó yí bí wọ́n ṣe ń ta ilẹ̀ padà, ó yí bí wọ́n ṣe ń rojọ́ àti bí wọ́n ṣe ń gbéyàwó padà, ó sì yí bí wọ́n ṣe ń rántí òkú padà pẹ̀lú. Síbẹ̀, lójú mi báyìí, òun ni a ń kó dànù jù lọ nígbà tí a bá ń tún ilé ẹbí ṣe.

Ọ̀kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, nínú ilé ẹbí kan tí kò jìnnà sí Ìtalúpẹ̀. Ìbú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Orí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ síwájú, ó sì ṣe é ṣí sókè. Abẹ́ ìdérí náà ni àwọn ihò kéékèèké wà tí wọ́n ń ki lẹ́tà sí. Dúrọ́ọ̀wà méjì wà lọ́tùn-ún, méjì lósì. Idẹ ni ojú kọ́kọ́rọ́ wọn. Ìrókò ni ara rẹ̀ lóde, ó ti dúdú débi pé ẹni tí kò bá fà dúrọ́ọ̀wà jáde kò ní mọ̀ pé igi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni tẹ́lẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀wà funfun, ó sì fúyẹ́, káfíńtà kò fi igi olówó gọbọi ṣòfò síbi tí ojú kò dé. Àmì òbìrìkìtì kan wà lápá ọ̀tún níbi tí ìgò yíǹkì ti ń dúró fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, etí tábìlì sì ti yọ̀ níbi tí ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń kọ̀wé ti ń há a. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ti jẹ díẹ̀ nísàlẹ̀ nítorí omi ìfọlẹ̀. Ẹni tó ni ín ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé e fún ẹni tó ń ra igi àlòkù.

Kì í ṣe pé Ìjẹ̀bú kò mọ ìkọ̀wé rárá kó tó di pé tábìlì dé. Igi tí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé sí ní ilẹ̀ wa ni wàláà. Àwọn Mùsùlùmí ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú kí ṣọ́ọ̀ṣì tó rí àyè dúró sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọmọ kéwú sì ń jókòó sí, wàláà lórí itan, kálámù lọ́wọ́, tàdáà nínú ìkòkò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti mọ ohun tí wọ́n kọ fún un lórí, wọn yóò fọ wàláà náà, wọn yóò sì kọ òmíràn sí i. Iṣẹ́ wàláà ni láti gbé ọ̀rọ̀ wọ inú orí ọmọ, kò sì sí ohun tó ń fi pa mọ́ sínú ara rẹ̀. Tábìlì tó ní dúrọ́ọ̀wà dá lórí èrò mìíràn pátápátá, pé ọ̀rọ̀ lè wà ní ìpamọ́ lóde orí ènìyàn, kí ẹni tí kò tíì bí wá kà á lọ́jọ́ iwájú.

Àrokò náà wà, Ìjẹ̀bú sì gbajúmọ̀ nínú rẹ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ ń sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà mọ́ ọn; mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Bí wọ́n ṣe kọjú owó ẹyọ sí ara wọn tàbí bí wọ́n ṣe kọ̀yìn wọn síra lè sọ ìjà di ìrẹ́pọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan ló jẹ́ kí ayé mọ èyí. John Augustus Otunba Payne ni orúkọ rẹ̀. Sàró ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1839, ẹ̀jẹ̀ ọba Ìjẹ̀bú sì wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Ọ̀túnba. Ó di akọ̀wé àgbà ní ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó. Láti ọdún 1874 ló ti ń tẹ ìwé àlímánáàkì rẹ̀ tí gbogbo oníṣòwò Èkó ń lò. Ní 1893 ó tẹ ìwé kan tó to àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì ilẹ̀ Yorùbá lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn àrokò Ìjẹ̀bú tó kó jọ dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ àlàyé wọn jáde níbẹ̀ ní ọdún 1887.

Mo fẹ́ràn Payne gan-an nítorí pé ọ̀nà méjèèjì pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo. Òun tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jókòó nídìí tábìlì, tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé ẹjọ́, òun náà ló mọ̀ pé owó ẹyọ tí wọ́n so mọ́ okùn jẹ́ lẹ́tà, tó sì yẹ kí a kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó parun. Kò fi ojú kéré ọ̀kan nítorí èkejì. Bí gbogbo àwọn tó kàwé lẹ́yìn rẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí a mọ̀ nípa ara wa ì bá pọ̀ ju èyí lọ.

Ta ló wá kan tábìlì fún Ìjẹ̀bú? Gbẹ́nàgbẹ́nà ti wà. Ọwọ́ wọn ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin, àwọn ló gbẹ́ ère, àwọn ló gbẹ́ ìlù Òṣùgbó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí ti káfíńtà. Inú odindi igi ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń mú ohun tó fẹ́ jáde, ó ń gé ohun tí kò fẹ́ kúrò títí tí èyí tó fẹ́ yóò fi kù. Pákó pẹlẹbẹ ni káfíńtà fi ń bẹ̀rẹ̀, ó ń so ó pọ̀ mọ́ òmíràn, ó sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé igi ń fẹ̀ lásìkò òjò, ó sì ń sún kì lásìkò ọyẹ́, kí ohun tó kàn má baà là. Ìmọ̀ yẹn gba ọ̀nà méjì dé etí òkun wa. Ọ̀kan ni ti àwọn Sàró. Àwọn míṣọ́nárì kọ́ àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́ ní Sierra Leone, Àjàyí Crowther fúnra wọn sì wà lára wọn. Ọdún 1822 ni ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Crowther lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay ní 1827. Ẹni tó wá tú Bíbélì sí Yorùbá, ọwọ́ tó ti di ayùn mú ló fi di gègé mú.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn Àgùdà tó padà wá láti Bràsíìlì. Àwọn ni ọ̀gá bíríkìlà àti káfíńtà tó kọ́ àwọn ilé ńlá Èkó. João da Costa ló ṣe olórí iṣẹ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, Sanusi Aka sì wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ àlejò kó gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá ṣáájú 1892, nítorí náà ìmọ̀ yìí kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ogun ló ya wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó lọ wo ilé Ọlọ́runṣògo tí Balógun Kúkù kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kó wo fèrèsé rẹ̀ àti igi ara rẹ̀. Kò sí ọlọ́rọ̀ Ìjẹ̀bú tó rí ilé yẹn nígbà náà tí kò ní fẹ́ kí káfíńtà tó mọṣẹ́ wá sí ilé tòun náà. Láti ara irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan àga, kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì.

Ti igi ni kò ní Ìjẹ̀bú lára. Etí igbó ńlá ni wọ́n tẹ ìlú wa dó sí. Igbó Ọmọ̀, tí ìjọba fi òfin dá sí ní ọdún 1925 pẹ̀lú igbó Ṣàṣà, ṣì gba ilẹ̀ tó lé ní 1,300 kìlómítà níbùú-lóròó lórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi inú rẹ̀ ti dín kù jọjọ. Ọ̀gànwó wà níbẹ̀, ìrókò wà, apá wà, ọmọ̀ wà. Àwọn agégẹdú méjì ló ń la igi nígbà náà. Wọn yóò gbẹ́ kòtò, wọn yóò gbé ìtì igi lé e lórí, ẹnì kan yóò dúró lókè, ìkejì yóò wọ inú kòtò, ayùn ńlá yóò sì máa lọ sókè sódò láàárín wọn. Lẹ́búlẹ́bú ayùn ń bọ́ sí ẹni ìsàlẹ̀ lójú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Pákó kan lè gba wákàtí mélòó kan.

Ọ̀gànwó ló máa ń dán jù bí wọ́n bá fi ṣẹ́láàkì pa á lára, àwọ̀ rẹ̀ pupa, òun sì ni àwọn òyìnbó ń kó lọ sí Liverpool. Ṣùgbọ́n fún tábìlì tí yóò wà nílé, ìrókò ló borí, nítorí ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Àwọn àgbà kan ò fẹ́ ẹ nínú yàrá, wọ́n ní ẹni tó ń gbé inú igi náà kì í kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀, pé ẹ óò máa gbọ́ tí tábìlì ń dún lóru. Ó ń dún lóòótọ́. Pákó máa ń fẹ̀, ó sì máa ń sún kì bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà, oríkèé rẹ̀ a sì dún. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí àwọn àgbà sọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti gé igi tó ju bàbá rẹ̀ àgbà lọ lọ́jọ́ orí yẹ kó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní irú tábìlì yìí, èyí gan-an ló sì fún un ní agbára. Lẹ́yìn 1892, ìwé ló kù tí ènìyàn lè fi bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n gba oko rẹ̀, ẹni tí owó orí rẹ̀ pọ̀ jù, ẹbí tí wọ́n fi oyè wọn dù wọ́n, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí ajẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò wá akọ̀wé tó ń fi lẹ́tà kíkọ jẹun, tó gbé tábìlì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ kóòtù. Yóò rojọ́ ní Ìjẹ̀bú, akọ̀wé yóò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò fi ọ̀rọ̀ wúwo-wúwo kún un, yóò sì ní kó tẹ ìka sí i nísàlẹ̀. Ta ló mọ ohun tó kọ? Ìjọba rí ewu yẹn, wọ́n sì ṣe òfin ní ọdún 1915 láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé. Òfin náà ní kí ẹni tó bá bá ẹlòmíràn kọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì ka ìwé náà sí olúwarẹ̀ létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún un kó tó fọwọ́ sí i. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn títí dòní. Nítorí náà, bí ẹ bá rí lẹ́tà àtijọ́ nínú dúrọ́ọ̀wà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: ó ṣeé ṣe kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti àdúgbò tí tábìlì rẹ̀ wà ṣì wà níbẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kò ṣègbé. Ẹ̀dà tó dé ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ ni ìjọba tò sínú fáìlì, àwọn fáìlì náà sì wà ní ilé ìkówèé ìtàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ àmì Ijeprof. Àwọn onímọ̀ ìtàn bíi E. A. Ayandele, tó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ìjẹ̀bú jáde ní 1992, mọ ilé ìkówèé yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ nìyẹn. Èsì tí ajẹ́lẹ̀ kọ padà, ìwé tí ẹbí kọ síra wọn kí wọ́n tó kọ̀wé sí ìjọba, iye tí wọ́n dá láti san owó akọ̀wé, orúkọ àwọn tó wà ní ìpàdé, ọ̀dọ̀ ẹbí ni ìwọ̀nyí wà. Tí a bá ju tábìlì dànù, ohùn ìjọba nìkan ni yóò kù tí yóò máa sọ ìtàn wa.

Ilé ẹ̀kọ́ ló wá jẹ́ kí tábìlì pọ̀. Ní 1913 ni Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti wá ṣe ọ̀gá rẹ̀ títí di 1932, kí wọ́n tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti kó àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jọ sí ẹgbẹ́ ní 1926, ẹgbẹ́ tó wà lára gbòǹgbò Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1931. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde níbẹ̀ tó di tíṣà, akọ̀wé ọ́fíìsì tàbí oníṣòwò ló ń fẹ́ tábìlì tirẹ̀ nílé. Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, tí wọ́n bí ní 1902, tí wọ́n joyè Ògbẹ́ni Ọjà, iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kí òwò tó gbé wọn ga. Ní 1945 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Olú-Ìwà sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀ lónìí. Owó tí ọ̀pọ̀ òbí Ìjẹ̀bú fi rán ọmọ lọ sí London ní ọdún 1950 sókè, orí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, lẹ́tà tí ọmọ náà sì ń kọ wálé, inú dúrọ́ọ̀wà kan náà ló ń lọ. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni báírò gba ipò gègé, àmì ìgò yíǹkì sì dẹ́kun láti máa fẹ̀ sí i lórí tábìlì.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé tábìlì tó wà nílé dàgbà lóòótọ́? Ẹ má wo iwájú rẹ̀, ẹ fa dúrọ́ọ̀wà jáde pátápátá, kí ẹ sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí àwọn ojú ìlà tó wà lára pákó bá lọ tààrà, tí wọn kò sì bára dọ́gba, ayùn ọlọ́wọ́ ni wọ́n fi là á. Bí wọ́n bá tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀rọ ìlagi ló là á. Ẹ wo igun dúrọ́ọ̀wà: níbi tí wọ́n ti gé ẹnu pákó méjèèjì wọnú ara wọn, ti ọwọ́ kì í dọ́gba délẹ̀, ti ẹ̀rọ máa ń bára mu ṣẹ́kú. Ẹ wo ìṣó àti súkúrù. Súkúrù tí orí rẹ̀ ní ojú àgbélébùú kò lè ti wà ṣáájú àwọn ọdún 1930, nítorí ìgbà yẹn ni irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sọ́jà ní Amẹ́ríkà. Àfi tí ẹnì kan bá tún tábìlì náà ṣe lẹ́yìn náà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún wa ni inú dúrọ́ọ̀wà. Bí inú rẹ̀ bá jẹ́ igi páìnì tó rọ̀, tó ní ojú kókó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ló gbé tábìlì náà wá láti Yúróòpù. Bí ó bá jẹ́ arère tàbí ọmọ̀, ọwọ́ tiwa ló kàn án, ibí yìí ni igi rẹ̀ sì ti hù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń gbà pé ti òkè òkun ló níye lórí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tábìlì tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ ní Liverpool kò ní ìtàn kankan láti sọ fún wa nípa Ìjẹ̀bú ṣáájú ọjọ́ tó dé èbúté Èkó. Tábìlì arère-àti-ìrókò gbé igbó wa, agégẹdú wa, ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Àgùdà tàbí Sàró, àti bàbá tó kọ̀wé lórí rẹ̀, gbogbo wọn sára kan náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tọ́jú tábìlì kan tí Ọbabìnrin Victoria fi ta ààrẹ wọn lọ́rẹ ní ọdún 1880, èyí tí wọ́n fi pákó ọkọ̀ ojú omi Resolute kàn, wọ́n sì ń lò ó títí dòní nínú ọ́fíìsì ààrẹ wọn. Wọ́n mọ ibi tí gbogbo pákó ara rẹ̀ ti wá. Àwa náà lè mọ̀ nípa tiwa, bí a bá bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tó kù.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwọn ẹbí mọ̀, pàápàá àwọn tó wà lórí ẹjọ́ ilẹ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìwé sì wà lára wọn. Òfin ẹ̀rí ti 2011 ní ohun kan tó jọ mí lójú lórí ìwé àtijọ́: bí ìwé kan bá ti pé ogún ọdún, tí ó sì jáde wá láti ibi tó bójú mu pé kó wà, ilé ẹjọ́ lè gbà pé ẹni tí wọ́n ní ó kọ ọ́ tó fọwọ́ sí i ló kọ ọ́ lóòótọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ibi tí ìwé ti jáde wá ṣe pàtàkì bí ìwé náà fúnra rẹ̀. Rìsíìtì ilẹ̀ tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀wà ẹni tó ra ilẹ̀, láàárín ìwé owó orí rẹ̀ àti ìwé ìrìbọmi àwọn ọmọ rẹ̀, lágbára ju rìsíìtì kan náà lọ tí ẹnì kan kàn yọ láti inú ọ̀rá tí kò mọ ibi tó ti wá. Mo ti rí ìdílé tó tú dúrọ́ọ̀wà sórí ilẹ̀, tó ṣa èyí tó ní sítáǹbù, tó sì jó ìyókù nínú agbada. Wọn ò mọ̀ pé ìyókù yẹn ló ń jẹ́rìí fún èyí tí wọ́n ṣa.

Ọ̀tá tábìlì pọ̀. Ikán kò fẹ́ ìrókò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ arère inú dúrọ́ọ̀wà, ó sì fẹ́ bébà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn kòkòrò kéékèèké kan ń lu igi funfun ní ihò wínníwínní, ìyẹ̀fun a máa dà jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun tuntun, wọ́n ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló burú jù. Káfíńtà àdúgbò tí wọ́n bá pè pé kó wá tún tábìlì ṣe yóò fi ìwé iyanrìn họ ojú rẹ̀ títí tí gbogbo àmì yíǹkì yóò fi lọ, yóò sì kun ún ní fánísì dídán. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe. Ó sàn kí ẹ kàn fi aṣọ tó rọ̀ nù ún, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa igi tó gbẹ jù, kí ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó tutù, kí ẹ sì fi bíríkì pẹlẹbẹ tì í lẹ́sẹ̀ kí omi ìfọlẹ̀ má baà dé ibẹ̀. Àmì yíǹkì náà kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun ni ẹ̀rí pé wọ́n lo tábìlì náà.

Ohun kan ṣì ń dùn mí nípa igbó Ọmọ̀ tí mo mẹ́nu bà lókè. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ bébà kan ní Ìwópin létí omi, ní apá Ìjẹ̀bú kan náà. Wọ́n gé igi àbáláyé kúrò lórí ilẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì gbin gìmẹ́línà rọ́pò rẹ̀ kó lè di bébà. Igi náà hù, ó dàgbà. Ilé iṣẹ́ Ìwópin kò sì di ohun tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀. A fi igbó tó fún wa ní tábìlì ṣe pàṣípààrọ̀ bébà tí a kò rí gbà. Igi tó wà nínú tábìlì bàbá àgbà, pàápàá pákó ìrókò tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì láìní ìlẹ̀pọ̀, kò sí ní ọjà pákó Ìjẹ̀bú-Òde mọ́, iye yòówù kí ènìyàn mú lọ.

Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ọmọ Ìjẹ̀bú láti Èkó, London àti Houston bá wá fún Ojúde Ọba, ni gbogbo ẹbí sábà máa ń pé sílé. Ìgbà yẹn ló dára láti ṣí dúrọ́ọ̀wà, kí àwọn àgbà tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá wọn wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọdé tó mọ fóònù lò sì ya àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e kúrò níbi tó wà. Kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé dúrọ́ọ̀wà òkè lọ́tùn-ún ni èyí ti jáde, pé ti ìsàlẹ̀ lósì ni tọ̀hún. Kí wọ́n yọ pín-ìnnì àti kílíìpù irin tó ti dípẹtà kúrò lára bébà pẹ̀lú sùúrù, kí wọ́n má fi sẹ́lótéèpù lẹ èyí tó ya. Bébà tó ti ń fọ́, ilé ìkówèé ìtàn ní Ìbàdàn ní àwọn tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹbí lọ bi wọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n dojú dúrọ́ọ̀wà kan délẹ̀, kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni tábìlì náà sí abẹ́ rẹ̀, àdúgbò tó gbé, irú igi tí wọ́n fi kàn án, àti orúkọ káfíńtà náà bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rántí rẹ̀.